Máṣíìnì Bàbá

Sábó, Ìkòròdú

Ìdòwú ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ò mú yín jù? Àárò rẹ sọ mí gan-an lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ máṣíìnì tí Bàbá fi ń fá pákó ló sì fà á, èyí tí a jọ fi èjìká gbé wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ òjò yẹn.

Nọ́ọ̀bù tí a fi ń há tábìlì rẹ̀ ti dẹ̀. Bí o bá yí i, òun nìkan ló ń yí, irin inú rẹ̀ kì í bá a yí. Mo ń fá ìrókò fún ilẹ̀kùn kan, jìgìjìgì máṣíìnì sì ń sún tábìlì kúrò níbi tí mo gbé e sí. Orí pákó nípọn, ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìrókò, Ìdòwú! O mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí.

Mo tú u, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò síkúrù tó ń di nọ́ọ̀bù náà mọ́ irin inú rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀ bí iyọ̀. Tíréèdì òkè, ìlà tó yí inú ihò po tí síkúrù ń dì mú, ti jẹ tán, bíi mẹ́ta péré ló kù nísàlẹ̀. Síkúrù mílímítà 6 ni ọmọ iṣẹ́ mi lọ rà, ó sì fi tipátipá dè é. Máṣíìnì Ìlú Ọba àtijọ́ nìyí, íńṣì 1/4 ni ihò rẹ̀, ó lé ní mílímítà 6. Mi ò nà án, torí èmi ni mi ò fún un ní àpẹẹrẹ mú lọ.

Mo gé agolo mílíìkì, mo fi há a, pákó mẹ́ta ni mo fá tó fi tún yọ̀. Wẹ́dà ní kí n jẹ́ kí òun jó o pọ̀. Mo kọ̀. Irin yẹn lè là, bí kò bá sì là, báwo la ṣe máa tú u lọ́jọ́ mìíràn?

Ìyàwó àbúrò mi ti bí ìbejì, mo sì ti kan páànù tí atẹ́gùn ṣí lórí ilé màmá yín padà.

Bàbá ò lè rìn dáadáa mọ́. Tí mo bá lọ kí wọn ní Ìpakodò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni, "Máṣíìnì mi ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti purọ́ fún wọn, ó sì ń dùn mí. Wọ́n ní lẹ́yìn Iléyá, kí n wá gbé àwọn wá wò ó. Ìwọ náà mọ̀ pé nọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú.

Jọ̀ọ́, bá mi wá síkúrù aláìlórí íńṣì 1/4 mẹ́fà, tíréèdì Whitworth, 20 sí íńṣì kan. Manchester tí o wà yẹn náà ni Joseph Whitworth tó gbé ìwọ̀n yẹn kalẹ̀ ní 1841 ti ṣiṣẹ́. Má gba ti Amẹ́ríkà o. 20 lòun náà, àmọ́ ìgun tíréèdì rẹ̀ yàtọ̀. Fi táàpù íńṣì 5/16, irin tí a fi ń gé tíréèdì sínú ihò, àti síkúrù tirẹ̀ kún un, bóyá ihò yẹn ò ní gbà mọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé ṣáájú Iléyá ni kí o fi rán. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti fi aṣọ bo máṣíìnì náà. Mi ò fá nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Múfú