Ka Ìṣísẹ̀ Rẹ Kí O Tó Wọ Igbó

Bódìjà, Ìbàdàn

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ lọ wá àpótí lẹ́tà tí wọ́n gbé pamọ́ sínú igbó IITA, lọ́nà Ọ̀yọ́, ní Sátidé. Kò burú. Ẹ ṣáà gba àṣẹ lẹ́nu géètì kí ẹ tó wọlé, torí ibi ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ni. Igbó tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350 kì í sì í ṣe ẹ̀yìnkùlé wa.

Eré wíwá àpótí tí ẹlòmíràn gbé pamọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní letterboxing, ti pẹ́. Ní 1854, James Perrott tó máa ń mú àlejò rìn ní Dartmoor, ní ilẹ̀ England, fi ìgò kan sílẹ̀ ní Cranmere Pool kí ẹni tó bá débẹ̀ lè fi káàdì orúkọ rẹ̀ sínú ìgò náà. Òǹtẹ̀ ló rọ́pò káàdì báyìí. Òǹtẹ̀ kan àti ìwé kékeré kan ni ẹ ó bá nínú àpótí: ẹ fi òǹtẹ̀ tiyín lu ìwé ibẹ̀, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ ibẹ̀ lu ìwé tiyín. Àpótí kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Rọ́bà ìparẹ́ ọmọ iléèwé ti tó láti fi gbẹ́ òǹtẹ̀. Fi pẹ́ńsù yàwòrán rẹ sórí bébà, da ojú bébà náà dé rọ́bà, kí o wá fi èékánná ra ẹ̀yìn rẹ̀. Òdì ni àwòrán yóò bọ́ sára rọ́bà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ìgbà tó o bá lù ú ni yóò tó padà sí bó ṣe yẹ. Mú páàdì yíǹkì tìrẹ dání. Èyí tí wọ́n bá fi sínú àpótí, ooru a máa gbẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni kíka ìṣísẹ̀. Bí ìtọ́nà bá ní kí ẹ dúró nídìí àràbà, kí ẹ kọjú sí díígírì 60 lórí kọ́ńpáàsì (ohun èlò tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá), kí ẹ rin ìṣísẹ̀ 40, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́: ṣé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kà, àbí ọ̀tún àti òsì ló pè ní ẹyọ kan? Ẹni tó bá ṣì í gbọ́ á dúró sí ìdajì ọ̀nà, tàbí kó rìn ín ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, wọn mítà 50 sílẹ̀ ládùúgbò, kí o rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó o ṣe máa ń rìn, má na ẹsẹ̀. Bó bá ń gbà ọ́ ní ìṣísẹ̀ 77 lẹ́ẹ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 65 ni ìṣísẹ̀ rẹ. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 75 ni ti ẹni tó gbé àpótí pamọ́, 40 tirẹ̀ jẹ́ mítà 30, tìrẹ jẹ́ mítà 26. Mítà 4 ló kù tó o ti dúró, wàá wá máa tú ewé ká nídìí igi tí kò mọwọ́ kò mọsẹ̀.

Nínú igbó, ẹsẹ̀ èèyàn a máa kúrú sí i, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Kó ẹ̀wà 10 sápò ọ̀tún, kí o máa mú ẹyọ kan sí tòsì ní gbogbo ìṣísẹ̀ 20. Má fọkàn tán orí.

Gbé kọ́ńpáàsì tẹ́jú, kí fóònù àti àdá jìnnà sí i, torí irin a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bó o bá fi díígírì 5 péré ṣìnà, lẹ́yìn mítà 60 wàá ti fi nǹkan bíi mítà 5 yà. Nítorí náà, má máa wo kọ́ńpáàsì rìn. Mú igi kan níwájú tó bọ́ sójú ìlà náà, rìn dé ìdí rẹ̀, kí o tún mú òmíràn. Fóònù kò ní gbà yín: lábẹ́ ewé tó ṣú, àmì tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn á máa fò kiri.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ. Bí wèrèpè bá kàn yín, ẹ má họ ọ́ rárá. Híhọ ló ń tan irun rẹ̀ ká. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀, kí ẹ ṣí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fomi fọ̀ ọ́. Láàárín gbòǹgbò àràbà tó yọ síta bí ògiri ni wọ́n sábà máa ń fi nǹkan pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ejò fẹ́ràn. Igi ni kí ẹ fi yẹ ibẹ̀ wò, kì í ṣe ọwọ́.

Kí ẹ tó fa àpótí jáde, ẹ wo bó ṣe jókòó. Ẹ nu òǹtẹ̀ mọ́ kó gbẹ, ẹ fún afẹ́fẹ́ kúrò nínú náílọ́nù ìwé kí ẹ tó dì í, kí ẹ dá a padà sórí òkúta tó wà tẹ́lẹ̀, torí ikán ń bẹ nínú ilẹ̀. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ fi bò ó. Ewé tútù tí ẹ bá já á rọ kó tó dọ̀la, òun gan-an ni yóò sì tú àṣírí ibẹ̀.

Ẹ wọlé ní aago 7 àárọ̀, kí oníkálukú mú omi lítà 2. Bó bá di aago 3 tí ẹ kò tíì rí i, ẹ yí padà, torí ilẹ̀ igbó a máa ṣú ṣáájú ti ìta. Ìyá rẹ ti fi sẹ́lótéèpù sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Pè mí tí ẹ bá ti jáde sí títì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ