Onílù ló gbà mí lálẹ́ ọjọ́ náà

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Òṣogbo ń kí ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ibi tí o ti ní ẹ kì í ṣe rìhásà mọ́, pé wọ́n á kàn fún yín ní ọ̀rọ̀ láàárọ̀, kámẹ́rà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dùn mí.

Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀ lórí Ṣàngó, la ṣe lóṣù tó kọjá, èmi ni Gbọ̀nkáà, jagunjagun tó ń bá Tìmì jà. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ mi lórí pátá. Àfi ìgbà tí ọ̀gá ní kí n máa pe ọfọ̀ tí mo fi ń kun Tìmì lóorun, kí ẹsẹ̀ mi máa bá ìlù lọ, kí ojú mi má kúrò lójú Tìmì. Gbogbo rẹ̀ bá pòórá. Ẹnu mi mọ̀ ọ́n, ara mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́: "Máa gbálẹ̀, máa pè é lọ." Mo gbá gbọ̀ngàn yẹn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Nígbà tó yá, tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ òsì, ọfọ̀ á jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó ráyè wo Tìmì dáadáa, tí mo rí bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, ọmọ kan ké láàárín èrò, mo bá gbàgbé. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, onílù wa ti fi ìyáàlù pe ìlà tó kàn, ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbà á lẹ́nu ìlù, mo ń bá a lọ. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bó ṣe wà nínú eré nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ onílù ní ọ̀rọ̀ mi o. Ó ń jókòó tì wá níbi rìhásà lójoojúmọ́ ni.

Àkàndé, nígbà tí Dúró Ládípọ̀ kó eré yìí lọ sí Berlin lọ́dún 1964, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ló pọ̀ jù níwájú wọn. Ara àti ìlù ló ní láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ló ń kọ́ ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan?

Mo mọ̀ pé owó ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ ẹni tí ẹ jọ fẹ́ ṣeré, kí ẹ jọ lo wákàtí kan lálẹ́ tó ṣáájú, ì báà ṣe lórí fóònù.

Tí o bá wálé ní Kérésì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi ìgbálẹ̀ kan pamọ́ dè ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní