Ìpè sí gbogbo ọmọ ìlú: ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan wa kò gbọdọ̀ wó

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, ní Èkó àti lókè òkun, ẹ kú ilé, ẹ kú àjò. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ẹ̀bá ọjà ni àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbé tọ̀ yín wá. Igun ògiri rẹ̀ kan ti là, ikán ti jẹ ẹkẹ rẹ̀, páànù sì ti ká sókè lápá kan. Bí òjò bá tún bá a báyìí, ẹ̀rù ń bà wá pé kò ní dúró.

Ní 1903 ni ìjọba Faransé ṣe òfin tó pín ilé-ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn sí ti abúlé, ti agbègbè àti ti ìlú ńlá. Ti abúlé ló kéré jù. Irú rẹ̀ ni tiwa, tí wọ́n kọ́ kí òmìnira 1960 tó dé: yàrá kan, olùkọ́ kan. Àwọn bàbá wa ló gbẹ́ amọ̀ rẹ̀, àwọn ìyá wa ló pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ ló fẹsẹ̀ pò ó. Àwọn ọmọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́, ń jókòó níwájú, àwọn tó dàgbà wà lẹ́yìn. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn kékeré ní lẹ́tà, àwọn àgbà ń ṣe ìṣirò lórí síléètì. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, wọ́n á gbé àmì kọ́ ọ lọ́rùn títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn wá, a ò sì ní fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ti kọ́kọ́ di gègé mú.

Àwọn kan ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àwa ò gbà. Àwọn ọmọ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, kíláàsì kọ́ ni à ń wá. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ Àkàbà Ìdẹnà ní Kétu, ẹnubodè náà sì la ogun tí ìjọba ọba Dahomey gbé ko Kétu ní 1886 já, ó ń bẹ títí dòní nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Amọ̀ kì í bàjẹ́ bí orí rẹ̀ bá ní ìbòrí, tí omi kò sì gbárajọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Símẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ mọ́ ọn lára níjọ́sí gan-an ló dá kún ìṣòro: ó sé omi mọ́ inú ògiri, amọ̀ ń rà lábẹ́ rẹ̀. A máa hó o kúrò, a máa fi amọ̀ dí ojú ibi tó là, a máa pààrọ̀ ẹkẹ sí ìrókò, a máa fa etí òrùlé gùn síta, a sì máa gbẹ́ ojú àgbàrá yí i ká. Lẹ́yìn náà, yóò di yàrá ìkàwé, ní Yorùbá àti Faransé.

Ìtàn rẹ̀ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ọmọ Kétu ni Àlùfáà Thomas Moulero, ọmọ Dahomey (orílẹ̀-èdè Benin òde òní) àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928, ó sì kọ ìtàn Kétu sílẹ̀. Tiwa kéré sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ ọ́ kò ní ti ibòmíràn wá. Ẹ wá inú àpótí yín: fọ́tò, ìwé orúkọ, ìwé èsì ìdánwò. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. A ó rán ènìyàn lọ wo Ilé Àkójọ Ìwé Orílẹ̀-èdè ní Àjàṣẹ́ fún ìròyìn àwọn tó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò nígbà náà.

Ohun tí a bù fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni 5.000 fàránkì sẹ́fà. Ẹni tó lágbára, kó fi kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ àti opó, ohun tó bá wá lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n mú wá. Ẹ fi lé akápò lọ́wọ́, ẹ sì gba ìwé-ẹ̀rí. A ó ka orúkọ àti iye owó sétí gbogbo ayé ní ìpàdé. Ọ̀wẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò wáyé ní kété tí owó igi bá ti pé. Ẹni tó bá máa wá, kó mú ọkọ́ àti garawa dání. Àwọn ìyá wa ti ní àwọn á se oúnjẹ.