Pátákó ìta kọ́ ló ń se ọbẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti Ìyàrà ní Ìjùmú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ sísè ni mí ní ilé ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń ka ìwé ìròyìn yín láti ìgbà yẹn. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa bí èèyàn ṣe lè rí oúnjẹ gidi láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jẹ tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ló mú mi gbé bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí àlejò ṣí fóònù rẹ̀ láàárín ìgboro, kó wo ilé oúnjẹ tí ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fún un pọ̀ jù, kó sì wọlé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Oṣù mẹ́fà ni mo lò ní ìlú náà nígbà tí mo lọ wẹ ọmọ fún àbíkẹ́yìn mi, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi ni mo fi tọ́ ọ wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni ọkọ ọmọ mi ní kí a jáde kí n lè mọ ìgboro. Fóònù náà ló tẹ̀ lé. Ibi tó mú wa lọ, pátákó rẹ̀ gbòòrò, wọ́n kọ “Oúnjẹ Áfíríkà” sí i, wọ́n ya ìlù àti igbá sára ògiri, ìràwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀gúsí. Ohun tí wọ́n gbé wá dà bí ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ tòmátò. Kò sí irú, kò sí ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí gan-an ni mi ò rí. Mo fi síbí wá a títí dé ìsàlẹ̀ abọ́. Ọkọ ọmọ mi ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló sè é. Nígbà tí a délé ni mo wá rò ó pé àwọn tó fún ilé oúnjẹ yẹn ní ìràwọ̀ kò purọ́. Wọn ò jẹ ẹ̀gúsí rí ni. Báwo ni ẹni tí kò jẹ ẹ̀gúsí rí ṣe máa sọ fún mi ibi tí ẹ̀gúsí wà?

Nọ́ńbà kan tún wà tí ẹ máa rí lára ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ níbẹ̀, láti 0 dé 5. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìràwọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń wá yẹ ilé ìdáná wò, ìmọ́tótó ló sì ń sọ. Ẹ máa wò ó nítorí ikùn yín, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa adùn.

Ní Kabba wa níbí, ọkọ̀ tó ń ti Abuja àti Lokoja bọ̀, tó ń lọ sí Èkìtì, ibẹ̀ ló ń gbà. Kò sí awakọ̀ tó ń wo pátákó kó tó yà sí búkà. Ibi tí awakọ̀ bíi tirẹ̀ bá páàkì sí ló ń lọ, ibi tí ó bá ti ń gbọ́ ìró odó. Ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí. Ohun kan náà ni mo bá ní Lọ́ńdọ̀nù, àfi pé ó gba kí èèyàn rìn jìnnà sí àárín ìgboro.

Ọmọbìnrin kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ló là mí lójú. Bangladesh ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, láti agbègbè Sylhet. Ó mú wa lọ sí Brick Lane ní ìlà oòrùn ìlú náà. Ilé oúnjẹ tó wà ní òpópónà yẹn kò ṣeé kà tán, “Índíà” ló sì wà lára pátákó púpọ̀ nínú wọn. Mo ní ṣé àwọn ará Índíà ló ni gbogbo rẹ̀ ni? Ó ní, “Rárá o, Màmá, àwa ni.” Nígbà tí àwọn baba wọn kọ́kọ́ dé, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Bangladesh, 1971 ló tó dá dúró. Índíà ni òyìnbó mọ̀, Índíà náà ni wọ́n sì kọ síta kí oníbàárà lè wọlé. Títí di òní yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oúnjẹ tí gbogbo Ìlú Ọba ń pè ní ti Índíà, àwọn ọmọ Bangladesh ló ni wọ́n, ọmọ Sylhet ló sì pọ̀ jù láàárín wọn.

Ó wá ṣàlàyé ohun kan tí olùkọ́ oúnjẹ bíi tèmi kò lè gbàgbé. Ìkòkò ńlá kan ni wọ́n máa ń gbé kaná kí oníbàárà tó dé, àlùbọ́sà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú ìkòkò yẹn ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní korma ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni madras àti vindaloo, tí ata wọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ti ń jáde. Ata àti èròjà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fi omi ọbẹ̀ kan ṣoṣo se ilá, gbẹ̀gìrì àti ẹ̀fọ́ ewúro. Oúnjẹ náà dùn, mi ò ní tan yín. Ní 2001, Robin Cook, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn nígbà yẹn, sọ pé chicken tikka masala, ẹran adìẹ sísun nínú ọbẹ̀ irú èyí, ti di oúnjẹ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ló sọ. Ẹnu òyìnbó ni wọ́n sè é fún.

Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ mú mẹ́nù wá, ọmọ Sylhet yẹn kò ṣí i. Ó fi èdè ilé wọn bi í pé kí ni ẹ̀yin òṣìṣẹ́ fẹ́ jẹ lọ́sàn-án yìí? Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́yìn, ó sì gbé abọ́ méjì tí kò sí nínú mẹ́nù wá. Èkíní, ẹja gbígbẹ ni. Kó tó dé orí tábìlì ni òórùn rẹ̀ ti kàn mí, àfi bíi pé mo dúró níwájú ìyá ẹlẹ́ja lọ́jọ́ ọjà ní Kabba. Èkejì, ẹran màlúù ni, wọ́n sè é pẹ̀lú èèpo èso kan tó jọ ọsàn wẹ́wẹ́, shatkora ni wọ́n ń pè é. Ó kan díẹ̀, ó korò díẹ̀, kíkorò yẹn sì dúró lẹ́yìn ahọ́n bíi ti ewúro tí wọn ò fọ̀ jù. Ìrẹsì funfun la fi jẹ ẹ́, ọwọ́ la sì fi jẹ ẹ́. Mo wà ní Sylhet lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1743. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Faransé tó sá wá nítorí ẹ̀sìn ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó di ilé ìjọsìn àwọn Júù ní 1898, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Wọ́n ṣì ń ta búrẹ́dì róbótó àwọn Júù ní òpópónà kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ mọ ibi tí oúnjẹ kan wà, ibi tí àwọn tó ni ín ti ń gbàdúrà ni mo ń kọ́kọ́ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Southall, lọ́dọ̀ àwọn ará agbègbè Punjab ní Índíà, ní ilé ìjọsìn ńlá ti àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tí wọ́n ṣí ní 2003. Ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ bàtà tó sì bo orí lè jẹun níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Wọn kì í fún èèyàn ní ẹran, ẹ̀wà àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni mo jẹ. Ọmọ mi tún mú mi lọ jẹ ẹran sísun orí èédú lọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ní Green Lanes, àti ọbẹ̀ olómi oníńúdù lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam ní Kingsland Road. Mi ò lè ròyìn gbogbo rẹ̀ tán.

Peckham ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá rìn ní Rye Lane, ẹ máa rò pé ẹ ò kúrò nílé: iṣu Gánà, ata rodo, èlùbọ́, ìgbín nínú ike. Búkà kan wà nítòsí ibẹ̀, “Oúnjẹ Èkó” ló wà lára pátákó rẹ̀. Mo wọlé, mo sì bi obìnrin tó ni ín pé, “Ọmọ mi, iyán odó lẹ ní àbí póńdò?” Ó ní, “Màmá, póńdò ni o. Ariwo odó kò bá àwọn tó ń gbé lókè wa lára mu.” Mo jẹ póńdò náà. Ẹ̀gúsí rẹ̀ dára, irú wà níbẹ̀. Bí mo ṣe dìde tí mo fẹ́ máa lọ, mo kí i bí mo ṣe ń kí èèyàn nílé láìronú sí i: “Ọ̀kun o.”

Ṣíbí ìbùbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. “Màmá, ẹ̀yin náà ni? Yàgbà ni mí o! Mọ̀pà!” Orí ilẹ̀ onítáìlì yẹn ló kúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé odó kan wà lẹ́yìn ilé òun, pé ọ̀sán Sátidé ni òun máa ń gún iyán fún àwọn tó bá pe òun ṣáájú. Kò sí nínú mẹ́nù. Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. Iyán náà kò fà tó ti iṣu Ìjùmú, iṣu tó wọ ọkọ̀ òkun kò lè fà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iyán ni, ó ń mú ìka.

Olóòtú mi, ohun tó dùn mí nìyí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Èkó ló kọ síta, ó ní, “Màmá, ta ló mọ Mọ̀pà?” Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ọmọ Sylhet sọ nígbà náà gan-an ni. Àwa ọmọ Ọ̀kun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi bíi Ìjùmú àti Yàgbà tó ń kí ara wa ní “Ọ̀kun”, a ti mọ èyí lára. Nílé, Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́: a wà ní Kabba Province, wọ́n kó wa sí Kwara ní 1967, wọ́n kó wa sí Kogi ní 1991, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ni kò sì mọ̀ pé Yorùbá ni wá títí a ó fi lanu sọ̀rọ̀. Tí a bá wá rékọjá òkun, a di ará Èkó. Mi ò bá Èkó jà. Àmọ́ orúkọ oúnjẹ kò ní kó má tà. Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà tó ní ilé oúnjẹ Chishuru ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, gba ìràwọ̀ Michelin ní 2024, èyí tí àwọn ayẹ̀wò oúnjẹ ń fún ilé oúnjẹ, kì í ṣe ti orí fóònù, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbà á ní Ìlú Ọba. Èkuru wà nínú oúnjẹ tó gbé síwájú wọn, èkuru náà ló sì pè é.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ irú àpilẹ̀kọ yẹn, ẹ sọ fún àwọn arìnrìn-àjò pé kí wọ́n má dúró lórí orúkọ orílẹ̀-èdè. Kí wọ́n bi ẹni tó ń sè é pé ìlú wo ló ti wá, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ọjọ́ wo ló máa ń sè é fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ sì bá mi bẹ àwọn ọmọ wa tó ń ta oúnjẹ lókè òkun pé kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn síbìkan, bó tiẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kéékèèké.

Sátidé tó kẹ́yìn kí n tó wọ bàálù, mo lọ dágbére fún ọmọ Mọ̀pà yẹn. “Oúnjẹ Èkó” ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ ìwé pélébé kan mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bírò ló fi kọ ọ́: “Iyán odó, Sátidé nìkan. Ọ̀kun o.”

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá àgbà kan ní Ìyàrà, Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi