Kí abẹ́rẹ́ ínsúlínì má ṣáájú àwo oúnjẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ní ínsúlínì, èyí tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nígbà tí wọ́n bá wà ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi bá ìyá mi sùn sí ilé ìwòsàn kan nílùú Ìbàdàn yìí.

Bí nọ́ọ̀sì bá yẹ ẹ̀jẹ̀ Màmá wò tí ṣúgà ga, wọ́n á gún wọn ní ínsúlínì. Bí kò bá ga, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó dúró kí odò Ògùnpa ya wọlé kó tó máa wá garawa. Ìlànà àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ gbígbára lé ọ̀nà yìí nìkan. Fún aláìsàn tó ń jẹun dáadáa, ínsúlínì kan yóò máa ṣiṣẹ́ lára wọn tọ̀sán-tòru, èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ yóò máa bá oúnjẹ rìn, wọn yóò sì fi díẹ̀ kún un bí ṣúgà bá ṣì ga. Ìwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ 100 sí 180 (mg/dL) ni wọ́n ń lépa fún ọ̀pọ̀ aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 70, ewu ti dé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ẹbí gan-an, nítorí àwa la ń gbé oúnjẹ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gún Màmá ní agogo méje, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ bọ̀ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Mókọlá. Kí ó tó dé, òógùn ti bo Màmá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ṣúgà wọn sì ti di 48. Omi ṣúgà ni nọ́ọ̀sì sáré fún wọn mu, wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí nọ́ọ̀sì má ṣe gún ínsúlínì oúnjẹ títí yóò fi rí àwo oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Kí àwa náà máa sọ ohun tí aláìsàn jẹ àti iye tó ṣẹ́ kù, títí kan máàtì tí àwọn àlejò máa ń yọ́ fún wọn mu. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣe ínsúlínì rárá, bí kò tilẹ̀ jẹun, a kò gbọ́dọ̀ dá ínsúlínì tọ̀sán-tòru rẹ̀ dúró.

Èmi ni,
Ọmọ aláìsàn kan,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.