Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Gbọ́ Nípa Derek Shackleton

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì gbà pé agbára apá nìkan ni iṣẹ́ náà.

Derek Shackleton, tó ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbára lé kí bọ́ọ̀lù máa yára. Ojú kan náà ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń balẹ̀ sí, léraléra, títí yóò fi sú ẹni tó di igi ìgbá-bọ́ọ̀lù mú, tí onítọ̀hún yóò sì ṣe àṣìṣe. Láti 1949 títí dé 1968, èyí tó jẹ́ sáà 20 léra wọn, kò sí ọdún kan tí kò gba wíkẹ́ẹ̀tì 100 (ìyẹn lílé ẹni tó di igi mú jáde nígbà 100), ó kéré tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,857, Hampshire ló sì gba 2,669 nínú rẹ̀ fún. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ borí ìdíje àwọn káńtì (ìyẹn àwọn ẹkùn bíi Hampshire) ní 1961. Síbẹ̀, ìgbà 7 péré ni wọ́n pè é ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìdíje Test, ìyẹn ìfigagbága kíríkẹ́ẹ̀tì láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí títí dòní.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún irú ìtàn báyìí lójú ewé eré ìdárayá yín, tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan kún.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àgbà kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.