Àìsùn ọdún tuntun nìkan kò lè sọ ọkàn dọ̀tun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ àwa Kristẹni tí a fi orí ìkúnlẹ̀ wọ ọdún yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Lóru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ilé ìjọsìn kún débi pé àwọn kan jókòó síta lábẹ́ kánópì. Aago méjìlá lù, a ké halelúyà, a dì mọ́ ara wa, a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lọ́dún yìí a óò sún mọ́ Ọlọ́run. Kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí, ẹ̀jẹ́ ọ̀pọ̀ ti tutù. Kì í ṣe pé irọ́ la pa. Ohun tó yẹ kó ṣáájú àìsùn ni a kò ṣe, èyí tó sì yẹ kó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo Ìsìn Májẹ̀mú tí àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, níbi tí kálukú ti ń tún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sí Ọlọ́run jẹ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 1755 ni John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù; ọdún tuntun kọ́ rárá. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 6, ló gbé ọ̀rọ̀ májẹ̀mú náà ka iwájú ìjọ, ó sì tún ń ṣàlàyé rẹ̀ láàárọ̀ àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ wọn gbààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11, ni nǹkan bí 1,800 ènìyàn tó dìde dúró pé àwọn gbà. Wọ́n ti rò ó dáadáa kí wọ́n tó dìde. Lóde òní, a lè fi ìwé àdúrà májẹ̀mú náà lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú méjì kó tó kà á, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni pé kí Ọlọ́run fi òun síbi tó bá wù Ú, ìbáà jẹ́ ibi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ibi ìyà, ìbáà jẹ́ kí ọwọ́ òun kún tàbí kó ṣófo. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Kí ìjọ pín in fún àwọn ènìyàn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, kí kálukú mú un lọlé.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló yẹ ká parí ìjà. Nínú Mátíù 5:23 àti 24, Olúwa ní ká fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ká kọ́kọ́ lọ làjà. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ kì í kí mọ́, ẹni tí ẹ jẹ lówó, ẹni tí ẹ ba lórúkọ jẹ́. Kí ẹ pe ẹnì kan lójúmọ́. "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí" tí a fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn lórí WhatsApp kì í ṣe ìtọrọ àforíjì, torí kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe gan-an, kí ẹ má sì fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" tì í lẹ́yìn. Bí gbèsè bá jẹ́ ₦50,000, tí ₦5,000 péré wà lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa mú òmíràn wá.

Bíbélì kíkà ni ibi tí okùn ti ń já jù. Orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka mẹ́ta lójúmọ́ àti márùn-ún lọ́jọ́ Ìsinmi yóò ka orí 23 lọ́sẹ̀, yóò sì kà á tán kí ọdún tó parí. Ìṣirò yìí pé. Àmọ́ Jẹ́nẹ́sísì ní orí 50, Ẹ́kísódù ní 40, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí owó ọdún ti tán tí owó ilé-ìwé sì dúró lọ́rùn, ni Léfítíkù máa pàdé rẹ̀: ẹbọ sísun, ọ̀rá, kíndìnrín méjèèjì, ẹ̀tẹ̀ lára ògiri ilé. Ó fo ọjọ́ kan, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́wàá. Gbèsè orí ọgbọ̀n ti wà nílẹ̀. Ó fẹ́ san gbogbo rẹ̀ ní Sátidé kan ṣoṣo, oorun gbé e lọ, Bíbélì padà sórí àpótí.

Ẹ má ṣe san gbèsè yẹn. Ìwé Ẹkún Jeremáyà sọ pé ọ̀tun ni àánú Olúwa ní òròòwúrọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ẹ fò, kí ẹ ṣí ti òní.

Fún ẹni tí kò kà á tán rí, Májẹ̀mú Titun la máa yàn. Orí 260 ni: orí kan lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì bá ọ̀sẹ̀ 52 mu wẹ́kú, òpin ọ̀sẹ̀ á wà fún èyí tó bá bọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Máàkù, tó jẹ́ orí 16 péré, tí ìtàn rẹ̀ sì ń sáré. Òwe ní orí 31. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ 12, ẹ ṣí orí 12. Àwọn Áńgílíkà pín Sáàmù 150 sí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ nínú Ìwé Àdúrà. Sáàmù 119 tó ní ẹsẹ 176 pàápàá, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 ni wọ́n pín in sí, kí ẹrù má baà ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ kà á sókè. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kì í fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ojú lè sáré kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu gbọ́dọ̀ dúró kó mọ̀ bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nítorí ohun tí ẹ kà. Bó bá jẹ́ inú fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ pa dátà.

Ọ̀rọ̀ wa lórí ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò gùn. Ẹ mu omi, ẹ fi ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ìbẹ́pẹ ṣínu, iyán lè dúró. Aláboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, alátọ̀gbẹ àti ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí pásítọ̀ sọ èyí lórí pẹpẹ.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olórí ìjọ ni pé, bí ẹ ṣe ń kéde àìsùn, kí ẹ kéde ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Kìn-ín-ní pẹ̀lú. Lọ́jọ́ náà, kí ẹ bi ìjọ léèrè pé: níbo la kà dé, ta ló ti lọ làjà?

Àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi,
Ìbàdàn.